Ọjà Tí A Ná Nínú Oko Àjàrà

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú rẹ̀: ọ̀gá mi burú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Oregun, níbi tó ti ń kó wáìnì fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì Ìkẹjà GRA, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tó pe orúkọ mi. "Faransé" ló ń pè mí, nítorí èdè Faransé ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Agége kó tó gbà mí síṣẹ́ akọ̀wé. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, ọmọ ọlọ́jà tí ìyá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ ọlọ́jà. Ọmọ tíṣà láti Èkìtì ni èmi. Ó máa ń sọ lójú gbogbo èèyàn pé ìwé ni àwa ará Èkìtì fi ń jẹ iyán, ìyẹn ni kò jẹ́ ká sanra.

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń lò fún un nínú ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ó fi ogún ọdún jù mí lọ. Lójú rẹ̀, "ẹ" àti "wọ́n" ni, mo sì máa ń fi orúnkún kanlẹ̀ kí n tó gbé fáìlì fún un. Ẹ jẹ́ kí n sinmi níhìn-ín.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo lọ tọrọ ààyè ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. A ń retí kọ́ńtéénà láti Àpápá lọ́sẹ̀ náà. Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ní ọjọ́ méjì tó mi. Ó ní, "Òkú kì í sá, Faransé. Kọ́ńtéénà ló ń sá." Àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dé ìlú ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo sì ti wọ mọ́tò padà kí àwọn àlejò tó jẹun tán. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dárí rẹ̀ jì mí títí di òní.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn òyìnbó tó ń fi wáìnì ránṣẹ́ sí wa já wa sílẹ̀, wọ́n gbé ọjà wọn fún ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù wá lọ. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ilé ìkẹ́rùsí wa ti ṣófo débi pé èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Àwa mọ́kànlá la ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá pè wá jọ, ó ní bí òun kò bá rí oko àjàrà kan tí yóò fi wáìnì rẹ̀ lé òun nìkan lọ́wọ́ fún gbogbo Nàìjíríà kí Kérésì tó dé, òun yóò ti géètì, kí kálukú wá ibi gbà. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń dẹ́rù bà wá. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bí a ṣe dé ilẹ̀ Faransé nìyẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kó àwọn oníṣòwò wáìnì sínú bọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á mú wọn yí ká ìgbèríko: láàárọ̀, ẹ ó lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti ilé olódi àwọn ọba, lọ́sàn-án, oko àjàrà. Ọ̀gá san tiwa méjèèjì. Ó kìlọ̀ fún mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú pé kí n má rò pé afẹ́ ni mò ń bá òun lọ ṣe.

Ká má purọ́, ìgbèríko náà dára. Òkè kéékèèké ni, wọ́n sì gbin àjàrà sí wọn lára ní ìlà-ìlà, ó tẹ́jú geere bí irun tí wọ́n fi ìyarun yà. Ilé òkúta, òrùlé pupa, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún láti abúlé kan dé òmíràn. Mo ti fi èdè yìí kọ́ni fún ọdún púpọ̀, mi ò sì tíì fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ àwọn tó ni ín rí. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọdé ní òpópónà, ara mi ń yá gágá.

Ní oúnjẹ ọ̀sán àkọ́kọ́, obìnrin kan tó ní ilé ìtajà ní Bẹ́ljíọ̀m bi mí léèrè bóyá ọmọ ọ̀gá mi ni mí. Ọ̀gá ní kí ló wí. Mo sọ fún un. Ó ń gé ẹran lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Sọ fún un pé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni ẹ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo bá wá. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ní èdè tí bàbá mi ta ilẹ̀ kí n tó lè kọ́, pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí, mo sì pè é dáadáa, kò sí ibi tí mo ti ṣi gírámà. Láti ìgbà náà obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀m yẹn kò wò mí lójú mọ́. Nígbà tó yá ó ní kí n bá òun gbé omi wá, mo sì dìde lọ gbé e.

Lọ́jọ́ kẹta, ilé olódi kan ni wọ́n mú wa lọ. Lábẹ́ ilé ìṣọ́ rẹ̀ ni ihò kan wà, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu kànga lọ, wọ́n fi irin ṣe ìdérí rẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni àwọn olówó ayé àtijọ́ ń sọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí, tí wọ́n á sì fi wọ́n sílẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn, àti pé inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "gbàgbé" ni wọ́n ti fa orúkọ ihò náà yọ. Mo sọ fún ọ̀gá pé ihò ìgbàgbé ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn tó kù ti lọ síwájú, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ wo bí inú rẹ̀ ti rí, kí n wá ròyìn fún òun. Àkàbà wà níbẹ̀ fún àwọn àlejò, mo bá sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe débẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ìdérí náà pa dé mi lórí, ó sì dúró lé e.

"Ká ní mo ní irú èyí ní Oregun," ó ní, "mo mọ ẹni tí mi ò bá kọ́kọ́ jù sínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ya fọ́tò mi láàárín àwọn irin náà, ó sì fi ránṣẹ́ sórí Wátsáàpù ilé-iṣẹ́. Kí n tó gòkè tán, àwọn tó wà ní Oregun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ẹ̀rín fèsì. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Faransé ti dé ilé." Nínú ihò yẹn ni mo ti gbà nínú ara mi pé mo kórìíra obìnrin yìí. Kí ó tó dìgbà náà, mo máa ń sọ fún ara mi pé ọ̀nà rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ tó, mò ń bò ó láṣìírí. Èdè Faransé ní "ẹ" bíi tiwa. Ẹni tó bá fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀gá mi á ní, "Sọ fún un pé wáìnì rẹ̀ kan," èmi á yí i sí pé màmá ń béèrè bóyá ẹ ní èyí tó dùn díẹ̀ sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mò ń fọ̀ kí n tó gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfọ̀ kò ràn án. Olóko mẹ́rin la bá sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní àwọn ti ní ẹni tó ń bá àwọn tà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Oko kan péré ló kù, ti ọjọ́ kẹfà.

Bàbá arúgbó kan ló ni ín. Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn àwókù ilé àwọn àlùfáà ayé ọjọ́un, kò tóbi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú ńlá, wọn ò fẹ́ oko. Ó mú wa rìn láàárín àwọn igi àjàrà, ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ ti lọ́ bí ìka àgbà, ó ní bàbá bàbá òun ló gbìn ín. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀, ó fi í sí imú. Bàbá náà rí i. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn àgbá wà, ó bu wáìnì fún gbogbo wa, àwọn yòókù ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń tu ú sínú garawa bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo. Ọ̀gá mi gbé tirẹ̀ mì. Ó di ojú. Ó ní kí n sọ fún wọn pé nílé wa, ẹni tí àgbà bu nǹkan fún tó tu ú dànù, kò lẹ́kọ̀ọ́. "Wọn" ló fi pe bàbá náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti dé. Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ó sì bu òmíràn fún un. Ọ̀gá mi tẹ́nu mọ́ etí mi, ó ní, "Èyí gan-an ni. Èyí á tà."

Kì í ṣi ọtí mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé a ti rí i.

Ó kù kí wọ́n sọ iye. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí ọ̀gá mi, Ọjà Agége àti Ìdúmọ̀tà ló ti kọ́ ọjà níná lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ọlọ́jà á dá iye lé e, ìwọ á gé e bọ́ sí ìdajì, òun á ní o fẹ́ pa òun, ìwọ á gbé báàgì rẹ, wàá máa lọ. Ibẹ̀ ni ọjà wà. O ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wẹ̀yìn ti fi hàn pé òun nílò ọjà náà, iye á sì dúró sí ibi tó wà. Tí o bá fi ẹ̀yìn rẹ sílẹ̀ fún ọlọ́jà láti wò, yóò pè ọ́: "Ẹ padà, ẹ mú owó wá."

Bàbá náà kọ iye rẹ̀ sórí ìwé. Ọ̀gá ní kí n sọ ìdajì. Bàbá náà wò mí bí ẹni pé mo ṣi èdè sọ. Mo tún un sọ. Ó rọra ní òun kò ní iye méjì. Ọ̀gá mi ní ó dáa, ó dìde, ó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì sọ fún mi lábẹ́ ohùn pé, "Gbé báàgì. Má wẹ̀yìn o."

Ó yẹ kí n dá a dúró níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé, "Mà, òyìnbó kì í pe èèyàn padà, ẹ jẹ́ ká jókòó." Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, mo sì ti rí i nínú ìwé àti nínú ayé. Mo gbé báàgì. Mo ń tẹ̀lé e láàárín àjàrà lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wá, inú mi sì ń dùn díẹ̀díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yìn tó ń gbé lọ bí olórí ọlọ́jà yẹn, kò sẹ́ni tó máa pè é.

Bàbá náà pè é.

Ẹ̀yìn ọ̀gá ni mo wà, òfin ọjà kò sì de ògbufọ̀, ni mo bá yíjú padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà, ó na ọwọ́ kejì sókè. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ dúró. Ìdajì yẹn kéré jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́. Ìyàwó mi ló ń ná ọjà nílé yìí nígbà ayé rẹ̀, kì bá tí jẹ́ kí ẹ lọ báyìí. Ẹ padà wá, màdáàmù."

Ọ̀gá mi kò wẹ̀yìn. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ó béèrè láti iwájú, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ó dàbọ̀, mà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run sìn yín délé."

Ó tún rìn díẹ̀, ó wá dúró, ó di òpó àjàrà kan mú, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀. Mo rí i. Ó gbọ̀n ọ́n títí, ó wọ̀ ọ́ padà, ó bọ́ ti òsì. "Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ti wọlé, mà."

Bàbá náà ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Mo gbé ọwọ́ tèmi sókè, mo juwọ́ sí i bí a ti ń juwọ́ sí ẹni tó wá sìn wá dójú ọ̀nà. Ó dúró wò mí. Ó wá dé fìlà rẹ̀, ó sì wọlé. Inú mi dùn. Mi ò ní í purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé mo kẹ́dùn nígbà yẹn.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo oko náà títí a fi yí kọ́nà. Ó ní, "Kò pè mí." Ó ti yọ "wọ́n" kúrò. Ojú rẹ̀ rí bí ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé-ìwé, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, mo sì yíjú sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Oregun, ó pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n kọ̀wé sí bàbá olóko náà, kí n sọ pé òun gba iye tó kọ́kọ́ dá, gbogbo rẹ̀, láìgé. Mo kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀rù ti ń bà mí nígbà náà, mo ti ń wo ojú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Bàbá náà ní ó dun òun, òun ti bá ẹnì kan láti Gánà ṣe àdéhùn, ẹni náà ló ń gba ti Nàìjíríà mọ́ ọn. Ó ní nígbà tí òun pè wá lẹ́ẹ̀mejì tí a kàn juwọ́ sí òun, òun gbà pé a kò fẹ́ mọ́. Èmi náà ni mo ka èsì yẹn sí ọ̀gá létí. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, mi ò kà á.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí ọ̀gá mi ni mo rò pé mo ń bẹ́ nínú oko àjàrà. Orí mọ́kànlá ló bọ́, tèmi sì wà nínú rẹ̀. Kí Kérésì tó dé, ó ti géètì bó ṣe wí. Bàbá kan wà tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù, fún wa, tó máa ń fi ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ pa mọ́ dè mí láràárọ̀. Mo pàdé rẹ̀ ní Agége lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ń ti ọmọlanke tí wọ́n kó irin àlòkù sí. Òun ló kọ́kọ́ kí mi. Ó bá mi kẹ́dùn iṣẹ́ mi tó lọ, ó sì gbé òyìnbó olóko yẹn ṣépè níwájú mi, pé bí ó ti kọ̀ láti pe màmá padà, rere kò ní í pè é. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi ṣẹ́ ẹ tán.

Mo padà sídìí iṣẹ́ tíṣà. Ọ̀gá mi ta ilé tó ní sí GRA, ó gba yàrá méjì ní Onígbòǹgbò. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì. Àwọn tó ń wá jẹun nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Èmi ló máa ń fi fóònù pè, mo sì máa ń lọ, bóyá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń lọ. Fún gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, ó máa ń sọ ìtàn náà: bí òun ṣe rìn láìwẹ̀yìn, bí òyìnbó kò ṣe pe òun. Á ní, "Ẹ bi í, ojú rẹ̀ ló ṣe," èmi á sì ní, "Wọn ò pè wá, mà."

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Mò ń bó ọsàn fún un. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ lọ́jọ́ náà gùn. Ṣé bí 'ó dàbọ̀' ti ń gùn tó ní Faransé nìyẹn?"

Mo ní wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo lè ti sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kúkúrú kan kí ó parí. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ gígùn rẹ̀. Mo bá sọ ọ́ bí bàbá náà ti sọ ọ́, ní Faransé, gbogbo rẹ̀, ẹ dúró, ìdajì yẹn kéré jù, ìyàwó mi, ẹ padà wá. Mo sọ òótọ́ fún un níwájú rẹ̀ kòrókòró, mo sì mọ̀ pé kò lè gbọ́ ọ. Ó di ojú bó ṣe máa ń di í tó bá gbé ọtí sẹ́nu.

Ó ní, "'Màdáàmù' wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ní í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì tó bá fẹ́ kó máa lọ?"

Mo sọ fún un pé bí àwa ti ń fi "mà" sí ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ ni àwọn náà ń fi màdáàmù ṣe. Irọ́ inú oko yẹn, mo lè jókòó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí kò ní ẹjọ́. Obìnrin tó wà níwájú mi kò lè ti ìdérí kankan pa dé ẹnikẹ́ni lórí mọ́.

Ó ní ó dáa. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó gbé e lé mi lórí. Ó pe orúkọ mi, orúkọ mi gan-an, èyí tí mi ò mọ̀ pé ó mọ̀.

"Bí o ṣe ṣe sí mi lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá nílò èèyàn, Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ẹni tí á ṣe é sí ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí mi. Ó ń dúró. Mo ní, "Àmín, mà."